Ímeèlì Tí Alhaji Kò Kọ

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan wà tí n kò ní gbàgbé títí wọn yóò fi sin mí. Akọ̀wé ni mí nílé ìwé aládàáni kan ní Bẹẹrẹ. Inú kọ̀ǹpútà mi ni orúkọ gbogbo ọmọ wà, àti nọ́mbà fóònù ìyá wọn. Sọfíyà ọmọ mi wà lára wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ímeèlì kan wọlé lórúkọ Alhaji tó ni ilé ìwé. Ó ní kí n kọ páásìwọ́ọ̀dù mi síbì kan kíákíá, kí àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ má baà pa rẹ́. Mo rí i pé àdírẹ́sì náà kì í ṣe ti Alhaji. Mo rí i o! Àtẹ̀gùn mẹ́tàlá péré ló sì wà láàárín yàrá mi àti tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a kọ́ wo ni yóò lọ bi àgbà pé, "Ṣé ẹ̀yin lẹ ránṣẹ́ yìí lóòótọ́?" Mo kọ ọ́. Mo tún dáhùn pé, "Ó ti parí, sà."

Kò tíì tó aago méjìlá tí fóònù mi dún. "Ìyá Sọfíyà, ọmọ yín ṣubú, ó wà ní ọsibítù. Ẹ tètè fowó ránṣẹ́." Mo fi bàtà ẹsẹ̀ kan sáré dé ojú títì kí n tó rántí pé ọgbà kan náà ni èmi àti ọmọ mi wà. Mo padà, mo bá a ní kíláàsì, ó ń jẹ ìdí pẹ́ńsù.

"Màmá mi, bàtà yín kejì dà?"

N kò tíì dáhùn tí àwọn ìyá fi kún ẹnu géètì pẹ̀lú ẹkún, wọ́n sáré wá láti Ọjà'ba títí dé Kúdẹ̀tì. Àwọn olè ti fi irọ́ kan náà pe gbogbo wọn. Ìyá Mujíbù ti ṣubú níbi tó ti ń sáré bọ̀, apá rẹ̀ ti kán.

Alhaji sọ̀kalẹ̀. "Ta lo fún ní nọ́mbà wọn?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ kọ̀wé sí mi."

"Èmi kẹ̀? Ọjọ́ wo ni mo kọ̀wé sí ẹ rí? Ṣebí mo máa ń pariwo pè ọ́ látòkè ni!"

Òótọ́ ni. Mo ti wá mọ̀ pé ìbéèrè kì í ṣe àfojúdi.

Nígbà tí mo lọ kí Ìyá Mujíbù, ó ní, "Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa nọ́mbà mi rẹ́." Mo pa á rẹ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín kíkorò kan bọ́ lẹ́nu mi: ọwọ́ àwọn olè nìkan ló kù sí.