Bàbá Ìyàwó Fi Ẹ̀rọ Gún Ògiri Ọkọ

Ẹjọ́ kan já lu ààfin Baálẹ̀ wa l'Ágbowó lánàá. Èmi tí mo kàn ní kí n yà kí wọn, ìdí mi lẹ̀ mọ́ àga.

Adéfọlárìn, tíṣà ọ̀dọ́ kan, ló pẹjọ́. Bàbá Theophilus, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, ló pè lẹ́jọ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló yẹ kí Adéfọlárìn fẹ́ Tómilọ́lá, ọmọ Bàbá yìí. Bàbá ní ìgbéyàwó ò sí mọ́.

"Kí ló dé?" ni Baálẹ̀ bi Adéfọlárìn.

"Kí Baálẹ̀ ó pẹ́. Bàbá ní àwọn fẹ́ wo ilé tí mo kọ́ sí Baṣọ̀run. Wọ́n mú ẹ̀rọ kékeré kan dání tó ní abẹ́rẹ́ méjì lẹ́nu. Tó bá ti kan ohun tó rin, á máa ké píì-píì. Wọ́n fi gún ògiri, ó ké. Wọ́n fi gún férémù ilẹ̀kùn, ó ké. Mo wá dọ̀bálẹ̀ kí n bẹ̀ wọ́n, ni wọ́n bá fi gún mi lẹ́yìn ọrùn!"

"Ṣé ó ké?" ni Ọ̀tún Baálẹ̀ bèèrè.

"Ó ké, sà."

Gbogbo ìgbìmọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Theophilus fajú ro.

"Ẹ̀rọ kì í ṣègbè," ó ní. "Ara ilé rin, ara ọkọ rin. Ṣé kí n fi ọmọ mi sáàárín àwọn méjèèjì kí olú hù sí i lára?"

Luke, bíríkìlà tó kọ́ ilé náà, fò dìde. "Irọ́ o! Ilé yẹn gbẹ ju ọyẹ́ lọ! Ẹ bi Màmá Adéfọlárìn bí omi ṣe débẹ̀."

Àtọ́kẹ́, ìyá ọkọ, lọgun. "Omi ò kan ògiri yẹn rí, àfi tí Luke bá tọ̀ sí i!"

"Màmá," Adéfọlárìn rọra ní, "ṣebí ẹ̀yin lẹ fi ọṣẹ àti kànìnkànìn wẹ̀ ẹ́ láti òkè délẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn."

Àtọ́kẹ́ jókòó wọ̀ọ̀. "Ṣé inú eruku ni kí n ti gba àna mi ni?"

Ó yẹ kí ẹjọ́ parí síbẹ̀. Bàbá Theophilus mirí. "Kí wọ́n padà wá lẹ́ẹ̀rùn."

"Ẹ̀ẹ̀rùn wo?"

"Èyí tí Ọlọ́run bá yàn."

Ni Tómilọ́lá bá dìde. "Ẹni tó kọ́kọ́ wá fẹ́ mi, bàbá mi ní bàtà rẹ̀ ń dún jù. Èkejì, wọ́n ní kì í dún rárá. Látìgbà tí màmá mi ti kú, èmi nìkan ló kù sílé pẹ̀lú wọn."

Àánú Bàbá ṣe mí, mi ò ní purọ́. Baálẹ̀ gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ Bàbá, ó rọra fi kàn án lẹ́rẹ̀kẹ́. Píì-píì-píì! Omijé ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

"Ìgbéyàwó ò yẹ̀," Baálẹ̀ ní. "Adéfọlárìn, fi yàrá kan kún ilé rẹ. Bàbá ni yóò máa gbé e."

Ọ̀tún yarí. "Baálẹ̀, àna kì í gbé ilé àna!"

"Àna kì í sì í fi abẹ́rẹ́ gún àna lọ́rùn. Bàbá, ẹ̀yin lẹ máa po sìmẹ́ǹtì fún Luke. Bí yàrá náà bá gbẹ, bí kò gbẹ, inú rẹ̀ lẹ máa sùn."

Bàbá Theophilus nu ojú rẹ̀, ó sì sún mọ́ bíríkìlà.

"Luke, ọmọ mi," ó ní, "jọ̀ọ́, ṣé a ò ní da omi sí i púpọ̀?"