Túbọ̀mu Delcho àti Oòrùn Òkè

Kò sí ohun tí Delcho kò lè fara dà, àfi kí ẹlòmíràn mọ nǹkan jù ú lọ. Bí ẹ bá sọ fún un pé òjò ń bọ̀, yóò ní òun ti mọ̀ láti àná. Bí òjò náà kò bá rọ̀, yóò ní òun lòun dá a dúró. Ní abúlé Belitsovo, láàárín àwọn òkè Rodopi, pákó lílà ni iṣẹ́ rẹ̀, fọ́tò yíyà ni ìgbéraga rẹ̀, túbọ̀mu rẹ̀ sì ni adé rẹ̀. Túbọ̀mu ọ̀hún kọjá ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ́tùn-ún lósì, ó wá ká sókè bí ìwo àgbò. Ìda oyin ni Donka, ìyàwó rẹ̀, fi ń pa á láràárọ̀ kó lè dúró ṣánṣán.

Ọdọọdún ni ilé ìkàwé abúlé náà máa ń tẹ kàlẹ́ńdà. Àwòrán kan ṣoṣo ló máa ń wà níwájú rẹ̀, gbogbo abúlé ló sì ń dìbò yàn án. Ọdún mẹ́fà gbáko ni Ìyá Zafira, tó ti fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, ti ń gba ipò náà. Lọ́dún keje, Delcho lọ ra awò kámẹ́rà tuntun ní ìlú Plovdiv, irú èyí tó ń kó òkè méje sínú fọ́tò kan. Ojú awò náà yọ síta bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Awò tuntun kò mọ ara rẹ̀ lágbà. Lọ́jọ́ kejì, Delcho dìde nílé ìkàwé.

"Bí àwòrán mi kò bá wà níwájú kàlẹ́ńdà lọ́dún yìí," ó ní, "kí ẹ fá túbọ̀mu mi. Ẹ sì gbọ́ o, èmi kì í gé etí àwòrán. Ohun tí awò mi bá rí ni ẹ óò rí. Ẹni tó ń gé àwòrán, olè ni."

Bàbá Manol, alága ẹgbẹ́ ayàwòrán, kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì sínú ìwé. Ọkùnrin tó ń fi irun ojú ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́, ẹ bá mi wò ó.

Láàárọ̀ Sátidé, Delcho, Ìyá Zafira àti Bàbá Manol gun òkè lọ ya àwòrán. Oòrùn yọ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà lókè kejì. Ìyá Zafira gbé kámẹ́rà rẹ̀ lé orí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ó ṣí fìlà lórí, fìlà awọ àgùntàn dúdú tí ọkọ rẹ̀ olóògbé fi sílẹ̀. Bí kámẹ́rà ṣe lajú sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń mi fìlà náà níwájú ìdajì òkè awò, kí ìmọ́lẹ̀ ọ̀run má baà pọ̀ ju ti ilẹ̀ lọ.

"Delcho, oòrùn ń wọ inú awò rẹ tààrà," ni ìyá náà wí. "Yà sẹ́yìn igi páìnì yẹn kó bá ọ bo oòrùn díẹ̀, àbí kí n yá ọ ní fìlà."

"Ìyá, awò mi kì í ṣe darandaran, kò ní í dé fìlà àgùntàn."

"Ó dáa. Bí ọmọdé bá ní awò tó àgbà, kò lè ní àwòrán bíbàjẹ́ tó àgbà."

Delcho ya tirẹ̀. Bàbá Manol bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn kámẹ́rà náà. Ojú ọ̀run funfun bí ẹni da wàrà sí i. Àmì róbótó aláwọ̀ ewé mẹ́jọ tò láti ojú oòrùn wá sínú pápá, bí ọmọ ilé ìwé tó ń lọ jẹun.

"Kí lèyí?"

"Ìrì ni, Bàbá. Awò tó dára máa ń rí ìrì."

"Ìrì wo ló tóbi ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ?"

"Ìrì òkè ni."

Ìyá Zafira ń jẹ ọ̀dùnkún díndín rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n nínú ọkàn rẹ̀, Delcho mọ̀ pé oòrùn ló ń gbá bọ́ọ̀lù nínú awò òun. Ìdìbò sì ku ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ kejì, òun nìkan yọ́ gun òkè náà kí oòrùn tó le. Kò mú fìlà dání, kí ẹnikẹ́ni má baà pàdé rẹ̀ lọ́nà kó mọ̀ pé ó gba ìmọ̀ràn. Kí ló wá fi bo oòrùn? Orí ara rẹ̀ ni. Ó na ọrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ awò, ó sún orí síbi tí oòrùn ti ń wọlé, ó sì tẹ kámẹ́rà. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀: kò sí àmì róbótó kankan, ojú ọ̀run sì mọ́ lóló. Kò yẹ igun wò. Ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn sí ara rẹ̀ kì í yẹ igun wò.

Ó tẹ àwòrán náà tóbi bí ilẹ̀kùn, ó gbé e kọ́ sí ògiri ilé ìkàwé, ó fi aṣọ bò ó. Nígbà tí abúlé pé síbẹ̀ lọ́jọ́ ìdìbò, ó ṣí aṣọ. Gbogbo ilé dákẹ́. Ó rò pé ẹwà ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Àmọ́ ní igun òkè lápá ọ̀tún, ohun dúdú kan wà níbẹ̀, ó nípọn bí apá, ó ká bí ìwo, ó nà sí ṣọ́ọ̀ṣì bíi pé ó fẹ́ hú u tu.

"Ẹyẹ idì ni," Delcho sáré wí. "Ìyẹ́ apá rẹ̀ lẹ̀ ń wò yẹn."

Donka rọra dìde lórí àga. "Ọkọ mi, ṣé idì tí mò ń fi ìda oyin pa láràárọ̀ náà ni?"

Ẹ̀rín bẹ́. Ọtí rákíà gba imú ẹnìkan jáde. Ìyá Zafira nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó sún mọ́ àwòrán náà, ó wò ó dáadáa.

"Delcho, ojú ọ̀run yìí dára o. Gé ìbú ọwọ́ méjì kúrò létí ọ̀tún, èmi fúnra mi á dìbò fún ọ."

Bàbá Manol ṣí ìwé rẹ̀. "'Ẹni tó ń gé àwòrán, olè ni.' Ìwọ lo sọ ọ́. Àwòrán tàbí túbọ̀mu, èwo ni ká gé?"

Delcho di ṣóńṣó túbọ̀mu rẹ̀ mú. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá gbà á là: "Mo ṣàṣìṣe." Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò gba ẹnu rẹ̀ kọjá rí, kò mọ ọ̀nà.

"Èmi kì í gé àwòrán," ó wí wẹ́rẹ́.

Ẹnu àìmẹ́nu ní í kó ọ̀ràn bá túbọ̀mu. Ìyá Zafira gba iwájú kàlẹ́ńdà nígbà keje, Bàbá Manol sì mú abẹ. Nígbà tó ṣe tán, ètè òkè Delcho funfun bí ojú ọ̀run inú fọ́tò rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ìtìjú kò jẹ́ kí Delcho lọ gbé àwòrán náà kúrò, ó ṣì wà lára ògiri. Bí tọkọtaya náà bá ti wọ ilé ìkàwé, Donka á kọ́kọ́ lọ síbi igun ọ̀tún àwòrán náà, á tẹ orúnkún ba, á ní, "Ọkọ mi, ẹ kú àárọ̀ o." Lẹ́yìn náà ló máa ń yíjú sí Delcho.

"Arákùnrin, ta lẹ wá wò níbí?"