Táǹkì Tó Ń Sùn Láàárín Ọkọ àti Ìyàwó

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá kì í ṣe ẹjọ́ kékeré, nítorí olùjẹ́jọ́ gbé ohun tí wọ́n torí ẹ̀ pè é lẹ́jọ́ dání wá, ó sì fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e.

Ààfin tí à ń wí yìí, yàrá ìgbàlejò Olóyè Ọ̀ṣúndáre ni, nínú ilé àtijọ́ kan tó háyà ní Bertrams, àdúgbò kan ní ìlú tí kò jìnnà sí Pretoria. Baálẹ̀ àwọn Yorùbá àdúgbò náà ni. Oyè rẹ̀ ò dé ibi tí wọ́n ti ń pe èèyàn ní Kábíyèsí, ṣùgbọ́n ó máa ń dùn mọ́ ọn nínú, ẹni tó bá sì fẹ́ jàre kì í fi dù ú.

Bọ́láwùmí, onídìrí ní Hillbrow, ló pe ọkọ rẹ̀ lẹ́jọ́. Ó ti di ẹrù rẹ̀ sínú báàgì kan, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀. Bí Baálẹ̀ ò bá dá a láre, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Pretoria ló ń lọ tààrà. Kò sì fẹ́ lọ rárá, ohun tó ń dùn ún gan-an nìyẹn.

"Kábíyèsí," ó ní, "láti ìgbà tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn ọkọ mi ò tíì kan tèmi lórí bẹ́ẹ̀dì. Táǹkì alùpùpù ló ń sùn láàárín wa."

Baálẹ̀ yọ awò ojú rẹ̀. "Táǹkì tí wọ́n ń rọ epo sí?"

"Òun gan-an, sà. Bó bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, á tú u lára alùpùpù, á gbé e gun àtẹ̀gùn títí dé yàrá wa ní Berea, á tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Epo ṣì máa ń wà nínú ẹ̀. Bí iná bá lọ, mi ò lè tan àbẹ́là. Hítà, ó ní mi ò gbọdọ̀ tàn án. Bùláńkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó nípọn nílé wa, òun ló ń bò ó."

"Òun ta ni?"

"Táǹkì, sà."

Ìyálóde Yíwọlá, tó jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún Baálẹ̀, fi ìborùn bo imú. Ó ní òórùn ọ̀hún ti dé ọ̀dọ̀ òun.

Baálẹ̀ kọjú sí ọkọ. Iṣẹ́ Ọlálérè ni kó máa fi alùpùpù gbé oúnjẹ lọ fún àwọn tó bá rà á lórí fóònù. Ó jókòó, ó gbé táǹkì pupa náà lé itan bí ẹni gbọ́mọ tuntun. Alùpùpù náà ló gùn wá o, ṣùgbọ́n bó ṣe dé ẹnu géètì Baálẹ̀ báyìí, ó fa sípánà yọ lápò, ó tú táǹkì.

"Ọlálérè, ṣé òótọ́ ni?"

"Àtúnṣe ni, Kábíyèsí."

"Àtúnṣe lójoojúmọ́?"

"Àtúnṣe ló fi bẹ̀rẹ̀, sà. Ìdọ̀tí wọ kabúrétọ̀, èèyàn ò sì lè rí i fọ̀ dáadáa àfi tó bá kọ́kọ́ gbé táǹkì tó wà lókè ẹ̀ kúrò. Mo tú u, mo gbé e wọlé, mo ní ó di àárọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn olè ti kó gbogbo alùpùpù ìsàlẹ̀ ilé wa lọ. Tèmi nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀. Wọ́n wò ó, wọ́n rí i pé kò ní táǹkì, wọ́n ní 'eish', bí àwọn ará ibí ti ń ṣe bí nǹkan bá já wọn kulẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ."

"O gbọ́ nígbà tí wọ́n ń sọ 'eish'?"

"Ó ṣáà yẹ kí wọ́n sọ ọ́, sà."

"Kí ló wá dé tí kò lè sùn sílẹ̀?"

"Ilẹ̀ tutù, Kábíyèsí."

"Ìyàwó ńkọ́?"

"Ìyàwó ní ìbọ̀sẹ̀."

Bọ́láwùmí wo ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ó gbé e mì. Kò bá ti ẹ̀rín wá síbẹ̀.

Wọ́n pe Àjíṣafẹ́, tó háyà yàrá kejì nínú fúláàtì wọn. Ẹlẹ́rìí ọkọ ni.

"Mi ò gbóòórùn kankan rí nínú ilé yẹn," ó ní. "Gbogbo nǹkan shap, kò síyọnu."

Ìyálóde bi í pé, "O máa ń dáná níbẹ̀?"

"Tẹ́lẹ̀ ni, mà. Mò ń gbààwẹ̀ báyìí."

"Ààwẹ̀ kí ni?"

"Ààwẹ̀ kí ilé má jóná, mà."

Ọlálérè tẹjú mọ́ ọn. "Ìwọ tí mo mú wá?"

"Fara balẹ̀, mo ṣì ń gbè ọ́ bọ̀. Kábíyèsí, ọkọ dáadáa ni. Mo máa ń gbọ́ bó ti ń fọ̀rọ̀ dídùn sí ìyàwó ẹ̀ létí. 'Àbẹ̀kẹ́, ó dàárọ̀ o. Àbẹ̀kẹ́, má jẹ́ kí wọ́n gbé ọ lọ.'"

Bọ́láwùmí dìde. "Èmi kọ́ ló ń bá sọ̀rọ̀."

Ó nawọ́ sí táǹkì.

"Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì mi, Kábíyèsí. Ìgbà tó fi pè mí kẹ́yìn, mi ò rántí mọ́. Àṣé táǹkì ló gbé e fún."

Kíá ni Àjíṣafẹ́ ní òun ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, ó ní ògiri ọ̀hún nípọn gan-an.

Ọlálérè sorí kọ́. "Mi ò ní purọ́. Ohun tí mi ò fẹ́ kí wọ́n jí mọ́ mi lọ́wọ́ ni mò ń pè bẹ́ẹ̀. Orúkọ mìíràn ò wá sí mi lẹ́nu."

Inú Bọ́láwùmí rọ̀ díẹ̀. Ó tún wá ń bínú sí ara rẹ̀ pé inú òun rọ̀.

Baálẹ̀ àti Ìyálóde forí korí. Baálẹ̀ wú ikọ́.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Ẹni tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ọkùnrin, tó ń bo bùláńkẹ́ẹ̀tì ẹ̀, tí ọkùnrin náà sì ń fi oríkì pè é, kí là ń pe onítọ̀hún?"

"Ìyàwó," ni Ìyálóde wí.

"Ìyàwó kejì ni Ọlálérè fẹ́ láìsọ fún ìyáálé. Ìyẹn ì bá ṣeé parí nínú ilé. Ṣùgbọ́n táǹkì yìí ti lọ́kọ tẹ́lẹ̀. Ọkọ ẹ̀ ló wà lẹ́nu géètì mi yẹn, ìhòòhò ló wà nínú òtútù. Ọlálérè, ìyàwó oníyàwó lo gbà. Gbé e padà fún ọkọ ẹ̀ lójú gbogbo wa, kí o sì dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Bó bá gbà, ìyàwó rẹ á bá ọ lọ sílé. Bí kò bá gbà, Pretoria."

"Kábíyèsí, àwọn olè ńkọ́?"

"Pọ́lọ́ọ̀gì ni kí o máa yọ," ni Ìyálóde dáhùn. "Alùpùpù ò lè ṣíná láìsí i, kò sì tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Ó lè sùn sínú bàtà rẹ."

Gbogbo ààfin tú jáde. Ọlálérè gbé táǹkì jókòó, ó ki rọ́bà epo bọ̀ ọ́, ó fi sípánà dè é pinpin. Ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ọ̀dà. Baálẹ̀ ní kí Àjíṣafẹ́ náà dọ̀bálẹ̀ tì í, nítorí ọ̀rọ̀ ààwẹ̀. Àwọn tó ń kọjá dúró, wọ́n yọ fóònù.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," Ọlálérè ń bẹ alùpùpù, "mi ò mọ̀ pé aya yín ni."

Alùpùpù ò fọhùn.

"Ó ṣì ń bínú," ni Baálẹ̀ wí. "Máa bẹ̀ ẹ́ lọ."

Bọ́láwùmí gbé báàgì rẹ̀, ó gun orí ìjókòó alùpùpù, ó sì gbé ìka lé fèrè. Kò tẹ̀ ẹ́. Ó ń wo bí òtútù ọ̀dà ṣe ń wọ ọkọ rẹ̀ láyà, ó ní kó ṣì wọ̀ ọ́ díẹ̀ sí i. Ìgbà tí eyín Ọlálérè bẹ̀rẹ̀ sí í gbára wọn ló tó tẹ fèrè.

"Ọkọ ti gbà," ni Baálẹ̀ wí.

"Ọkọ ti gbà, Kábíyèsí," Bọ́láwùmí dáhùn. "Ìyàwó ṣì ń rò ó." Ó wá bojú wolẹ̀. "Dìde, jàre, gbé mi lọ sílé."