Kútẹ́ẹ̀sì Pupa Lára Táyà

Ọjọ́ kan wà láyé mi tó jẹ́ pé bí mo bá tiẹ̀ fẹ́ gbàgbé ẹ̀, bàbá mi ò ní gbà. Tí àlejò bá ti jókòó sí pálọ̀ wọn ní Adó, tí wọ́n sì ti fún un lómi mu, ọ̀rọ̀ táyà ló kàn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n yáa fẹnu ara mi sọ ọ́, kí ẹ tó gbọ́ èyí tí wọ́n ti bu iyọ̀ sí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Tíṣà ni mí. Ṣíṣọ́ àwọn ọmọ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò ló bà mí jẹ́. Ọmọ tó bá ń wo òkè, mo ní ìdáhùn ló kọ sí àjà. Èyí tó bá tẹ orí mọ́lẹ̀, mo ní ó wà lórí itan ẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣe nílé ìwé náà ni mo ń ṣe níta. Tí ẹlẹ́ran bá rẹ́rìn-ín sí mi ní Ọjà Ọba, mo ti mọ̀ pé eegun ló fẹ́ dì fún mi. Ìyàwó mi ní lọ́jọ́ tí mo bá dé ọ̀run, màá ní kí wọ́n kọ́kọ́ mú ìwé ilẹ̀ ibẹ̀ wá kí n yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo ní jíìpù àtijọ́ kan tí mo fi ń lọ sóko bàbá mi ní Sátidé, ní abà kan lẹ́yìn Ìgèdè. Ọ̀nà abà yẹn, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Òkúta, kòtò, ẹrẹ̀ pupa tó ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ẹni. Jíìpù yẹn ti jìyà lójú ọ̀nà náà débi pé gbogbo táyà ẹ̀ ti dán borokoto. Mi ò bá ṣì máa rọ́ ọ lọ bẹ́ẹ̀, àfi bí ọ̀rọ̀ ààlà ṣe délẹ̀.

Àwa àti Bàbá Dúpẹ́ la jọ pààlà lábà. Pèrègún ni àwọn àgbà gbìn sójú ààlà láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n iná ọ̀gbẹlẹ̀ ti jó púpọ̀ nínú ẹ̀, bàbá mi nìkan ló sì kù láyé tó mọ ibi tí gbogbo wọn wà. Bàbá Dúpẹ́ wá ránṣẹ́ pé ká jọ wá tọ ààlà náà ní Sátidé tó ń bọ̀, lójú àwọn àgbà abà, ká sì gbin pèrègún tuntun. Ẹsẹ̀ bàbá mi ò sì gbé ìrìn ọ̀nà jíjìn mọ́. Ibi tí mọ́tò bá dé nìkan ni wọ́n lè dé.

Kíá, mo ti fura. Kí ló dé tó jẹ́ inú òjò ló rántí ààlà? Ọkùnrin yìí mọ̀ pé ọ̀nà ò ní ṣeé gbà. Ó fẹ́ ká má débẹ̀ ni, kó lè fi ọwọ́ ara ẹ̀ júwe ilẹ̀ wa fún ara ẹ̀. Mo sọ ọ́ fún bàbá mi bẹ́ẹ̀.

"Ìwọ ṣáà gbé mi débẹ̀," ni wọ́n dá mi lóhùn. "Tí mo bá kú láìfi ojú ààlà yẹn hàn yín, kóòtù lẹ ó ti máa jẹun."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Màá gbé yín dé ìdí pèrègún gan-an."

Bí mo ṣe di oníbàárà Alhaja nìyẹn. Alhaja ń ta táyà tòkunbọ̀ ní Fájuyì, obìnrin tó sanra, tó lẹ́rìn-ín lẹ́nu, tó sì máa ń búra kí ẹnikẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Mo débẹ̀ lọ́sàn-án Fúráìdè, lẹ́yìn tí ilé ìwé parí. Mo ṣàlàyé ọ̀nà abà fún un. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ tó fi yí àwọn táyà kan jáde láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Eyín wọn ga, wọ́n nípọn, àlàfo tó wà láàárín wọn sì gba ọmọ ìka wọlé.

"Ẹ wò ó, Ọ̀gá tíṣà, wallahi, eléyìí ló ń jẹ ẹrẹ̀. Kò sí kòtò tí ò ní gbé yín jáde."

Wallahi tó sọ yẹn ló bà á jẹ́. Ẹ ṣáà mọ̀ pé àwọn kan wà tó ń gbé táyà tó ti jẹ tán, tí wọ́n á fi ọ̀bẹ gbígbóná gbẹ́ eyín tuntun sí i, tí wọ́n á wá fi nǹkan dúdú kùn ún kó máa dán. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo fi kọ́kọ́rọ́ ha eyín táyà. Mo fi imú gbóòórùn ẹ̀.

"Ṣé ẹ fẹ́ tọ́ ọ wò ni?" ni Alhaja bi mí. "Kí n bá yín wá ata díẹ̀?"

"Ta ló gbẹ́ eyín yìí?"

"Ta ló gbẹ́ ẹ báwo? Àwọn tó ṣe táyà ni!"

"Ó ti jìn jù."

"Ẹrẹ̀ lẹ ní ẹ ń lọ, ó gbọ́dọ̀ jìn!"

Mo bi í ní iye tó fẹ́ tà á. Ó sọ ọ́, kò wọ́n tó bí mo ṣe rò. Háà! Mo ní kí ló dé tó fi pọ̀ọ́kú bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn ará Adó kì í fẹ́ ẹ, nítorí ó máa ń pariwo lórí ọ̀dà. Mo mi orí bí ẹni tó mọ nǹkan. Ọjà tí gbogbo ìlú kọ̀, èmi ló wá fẹ́ dì í lé lórí.

Mo wá yan òmíràn, táyà tí ojú ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ, tó jẹ́ ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà lára ẹ̀. Kò sí ọ̀bẹ tó lè gbẹ́ ilà tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Alhaja bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí: "Ọ̀dà nìyẹn wà fún o. Tó bá kan ẹrẹ̀, kò ní mú ilẹ̀." Bó ṣe ń bẹ̀ mí tó ni mo ń mọ̀ ọ́n sí oníjìbìtì tó. Mo ní èyí tí mo yàn ni mo yàn.

Ìyẹn nìkan kọ́. Mo ti gbọ́ pé wọ́n máa ń pààrọ̀ táyà mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ níbi tí fọkanáísà bá ti ń wọ̀ ọ́ sí rímù. Mo ti wá múra sílẹ̀ láti ilé. Mo ti yọ kútẹ́ẹ̀sì pupa ìyàwó mi nínú báàgì ẹ̀. Nígbà tí Alhaja wọlé lọ mú ṣéńjì, mo yára fi kun àmì róbótó sára táyà kọ̀ọ̀kan. Ọgbọ́n wà nínú ẹ̀ o: ẹ̀gbẹ́ táyà tí wọn ò kọ nǹkan kan sí ni mo kùn ún sí, kí olè má baà tètè rí i. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ara mi. Tíṣà!

Fọkanáísà ń wọ táyà lọ́wọ́ nígbà tí bàbá mi pè mí lórí fóònù, tí wọ́n ní ṣé mo ti rà á. Mo kàn yí ẹ̀yìn padà díẹ̀ kí n lè gbọ́ ohùn wọn. Nígbà tí mo máa fi padà, gbogbo ẹ̀ ti wà lẹ́sẹ̀ mọ́tò. Mo yí jíìpù po. Kò sí àmì. Mo tún un yí po. Kò sí kútẹ́ẹ̀sì níbì kankan.

"Ẹ gbà mí o! Wọ́n ti pààrọ̀ táyà mi!"

Fájuyì ò kúkú nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọlọ́kadà dúró, oníbúrẹ́dì dúró, gbogbo wọn pagbo yí wa ká. Alhaja kọ́kọ́ rò pé eré ni. Ó ní àmì wo ni mò ń wí.

"Kútẹ́ẹ̀sì! Mo fi kútẹ́ẹ̀sì pupa sàmì sí i!"

Ọlọ́kadà kan ní, "Ẹ ò bá kúkú kun tẹsẹ̀ fún un náà." Ẹ̀rín sọ. Inú túbọ̀ ń bí mi. Alhaja ní òun á dá owó mi padà, kí n dá táyà padà, kí olúkúlùkù máa lọ. Ìyẹn gan-an tún wá kó ìfura bá mi. Èwo ni ti kíá tó fẹ́ dá owó padà? Kí ló ń bẹ̀rù? Ààlà sì wà lọ́la, ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú. Mo wọ mọ́tò, mo ní a ó tún pàdé.

"Ẹ máa lọ," ni Alhaja wí, ó ti dẹ́kun ẹ̀rín. "Ọlọ́run á fi hàn yín."

Òjò rọ̀ mọ́jú. Bàbá mi wọ bùbá funfun àti fìlà funfun, wọ́n gbé àdá lé itan. Orí ọ̀dà, táyà tuntun ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, inú mi dùn. A yà sí ọ̀nà abà. Ibi ẹrẹ̀ àkọ́kọ́ báyìí, jíìpù bẹ̀rẹ̀ sí í fì sọ́tùn-ún, ó ń fì sósì.

"Ṣé táyà tuntun ọ̀hún nìyí?" ni bàbá mi bi mí.

"Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀ ni, Bàbá. Olè ni obìnrin yẹn."

Kí n tó pa ẹnu dé, a ti yọ̀ gẹ̀rẹ̀ sínú gọ́tà ọ̀nà. Mo tẹná mọ́ ọn, táyà ń yí lójú kan, àwọn ilà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ti dí pátápátá. Mo sọ̀kalẹ̀. Ẹrẹ̀ gba bàtà ẹsẹ̀ òsì mi, títí dòní mi ò tíì rí i. Mo gé imọ̀ ọ̀pẹ síwájú táyà, kò ràn án. Mo wá ní kí bàbá mi bọ́ sí ìdí ìtọ́kọ̀, kí èmi máa tì í lẹ́yìn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti wa mọ́tò gbẹ̀yìn. Inú wọn dùn jù. Wọ́n tẹná mọ́ ọn tagbára tagbára, gbogbo ẹrẹ̀ ọ̀nà abà sì wá sí ojú mi, ẹnu mi, àti etí mi.

"Ṣé ó ń lọ?" ni wọ́n ń pariwo bèèrè.

"Ẹ dúró, Bàbá! Ẹ jọ̀ọ́!"

Oòrùn ti ń ga. Ojú bàbá mi yí padà. Bí wọ́n bá ti ń sọ Èkìtì pọ́ńbélé sí mi, mo mọ̀ pé inú ti bí wọn. Wọ́n ní, "Ulé ni mo bá jókòó sí! Wọn ó ti máa tọ ààlà láìsí mi." Ó dùn mí dọ́kàn, nítorí èmi ni mo ṣèlérí fún wọn.

Mo fi àyà wọ́lẹ̀ wọ abẹ́ jíìpù kí n lè ki igi sábẹ́ táyà. Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí mo gbójú sókè. Àmì róbótó kan ń wò mí, pupa. Kútẹ́ẹ̀sì ìyàwó mi ni, ní ẹ̀gbẹ́ táyà tó kọjú sínú. Mo rápálá dé ìdí èkejì: ó wà ńbẹ̀. Gbogbo wọn ló wà ńbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n kọ nǹkan sí ni fọkanáísà kọ sí ìta, bí gbogbo fọkanáísà ayé ṣe ń ṣe. Ẹ̀gbẹ́ tí èmi ọlọ́gbọ́n kùn ló bọ́ sínú.

"Yéè! Alhaja!"

"Ejò ni?" ni bàbá mi fi igbe bọnu.

Mo ń rápálá jáde lábẹ́ jíìpù nígbà tí mo gbọ́ mọ́tò tó ń bọ̀ láti ọ̀nà abà. Bàbá Dúpẹ́ ni, nínú pikọ́ọ̀pù ẹ̀, ó ń bọ̀ nínú ẹrẹ̀ yẹn bí ẹni tó wà lórí ọ̀dà. Mo ní ó tán. Wọ́n ti tọ ààlà tán, ó ń lọ sílé, ó fẹ́ wá fi wá rẹ́rìn-ín. Ó dúró, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi nínú ẹrẹ̀.

"Bàbá, a ti retí yín títí. Mo ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ojú ààlà tẹ́ ò bá tíì dé. Mo wá ń wò yín bọ̀ lọ́nà ni."

Ó mú okùn, ó so jíìpù mọ́ ìdí pikọ́ọ̀pù. Bí ó ṣe ń so ó lọ́wọ́ ni ojú mi lọ sí táyà ẹ̀. Eyín gíga, àlàfo tó gba ọmọ ìka. Eyín kan wà lára ẹ̀ tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ha.

"Táyà rẹ yìí mà dára o," ni bàbá mi wí.

"Àná ni mo rà á ní Fájuyì, Bàbá. Nígbà tí mo débẹ̀, obìnrin tó ń tà á ò tiẹ̀ lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó ní ọkùnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ńbẹ̀ tó ní ọ̀bẹ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, tó wá ra ti orí ọ̀dà, tó tún kun kútẹ́ẹ̀sì fún un! Mo ní, oríṣiríṣi wèrè ló wà nígboro yìí."

Bàbá mi yí ojú padà díẹ̀díẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Wọ́n wo èékánná mi, tí pupa díẹ̀ ṣì wà létí ẹ̀. Ẹ̀rín ń mi èjìká wọn.

A dé abà. Àwọn àgbà jókòó, pèrègún tuntun wà nínú omi. Bàbá mi ń fi àdá tọ́ka, à ń tẹ̀lé wọn, títí wọ́n fi dúró láàárín ọgbà ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Wọ́n ro ìdí koríko, kùkùté pèrègún tó ti jóná yọ jáde. Wọ́n bèèrè pé ta ló gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọjá ibí yìí sínú ilẹ̀ Bàbá Dúpẹ́.

Èmi ni.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i," ni Bàbá Dúpẹ́ wí. "Tí mo bá dá a sọ, ẹ lè rò pé ilẹ̀ yín ni mo fẹ́ gbà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí Bàbá wá fúnra wọn. Mi ò bá sì ti pè yín lẹ́ẹ̀rùn, àmọ́ inú òjò ni pèrègún ń mú." Ó ní kí n kọ́kọ́ bẹ́ àwọn tó ti gbó nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, òun ò kánjú. Mi ò mọ ibi tí mo lè fojú sí. Ní gbogbo ìgbà tí mò ń wá ẹni tó fẹ́ rẹ́ni jẹ lábà yẹn, n ò wo ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ara mi.

Ní Mọ́ńdè, mo lọ bá Alhaja. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ṣọ́ọ̀bù, lójú àwọn ọlọ́kadà kan náà. Mo ní kó bá mi wá irú táyà eléyín yẹn, ohunkóhun tó bá sọ ni mo gbà. Ìwà fífura séèyàn mi yẹn, mo ní mo ti jáwọ́ nínú ẹ̀, mo ti kọ́gbọ́n.

Alhaja wò mí títí. Ó ki ọwọ́ bọ báàgì ẹ̀, ó yọ kútẹ́ẹ̀sì kan jáde, ó nà án sí mi. "Ẹ gbà, kí ọkàn yín lè balẹ̀."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, èmi gan-an rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Àmọ́ kí n má parọ́ fún yín, mo kọ́kọ́ yí ìgò náà wò bóyá ojúlówó ni.