Ìkéde Lórí Akéde Tó Kéde Paswọ́ọ̀dù Ara Rẹ̀

Ẹ̀yin ará Ìdó-Ọsàn, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ̀yin ará Òkè-Afárá, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń sá aṣọ, ẹ dúró ná. Ẹ̀yin tí ẹ ń fọ eyín, ẹ tutọ́ kẹ́ ẹ lè gbọ́. Káńsù ló rán akéde níṣẹ́. Akéde ò rán ara rẹ̀. Ká ní ọwọ́ akéde ló wà ni, ìkéde tòní ì bá má wáyé rárá.

Ọ̀rọ̀ náà kan òṣìṣẹ́ káńsù kan tó ń jẹ́ Láṣebíkan. Ẹ má wo akéde bẹ́ẹ̀. Òun náà ni. Ṣùgbọ́n káńsù ti pàṣẹ pé akéde kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní "èmi" nínú ìkéde yìí. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tó ń kéde ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìdajì ìkéde ló fi ròyìn bí abẹ́rẹ́ ṣe dun òun tó nígbà tí òun wà ní kékeré. Àwọn ìyá tó gbọ́ ọ gbé ọmọ wọn, wọ́n padà sílé. Nítorí náà, Láṣebíkan la ó máa pè é.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí káńsù sọ pé òun ò lo fáìlì mọ́, pé orí ìkànnì ni gbogbo iṣẹ́ yóò ti máa lọ, wọ́n kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sí gbọ̀ngàn láti kọ́ wọn. Ìyáàfin Ọ̀pẹ́bíyìí, tó jẹ́ ọ̀gá lórí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ló kọ́ wọn fúnra rẹ̀. Ó ní olúkúlùkù yóò ní paswọ́ọ̀dù tirẹ̀. Òun ni òṣìṣẹ́ yóò fi máa wọ orí ìkànnì, láti tẹ̀ ẹ́ pé òun ti dé ibi iṣẹ́, láti tọrọ ìsinmi, láti ṣe ohun gbogbo. Ó ní ẹni tó bá gbàgbé tirẹ̀, ìta ló máa wà.

Láṣebíkan mú "Òjòjò", ó fi méje sí i, ó fi àmì kan tó dà bí irin ojú fèrèsé sí i. Òjòjò méje fèrèsé. Ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé Láṣebíkan kì í rántí ohun tí kò bá tíì kéde. Ọ̀rọ̀ tó bá ti gba ẹnu rẹ̀ jáde ní gbangba, kò ní gbàgbé ẹ̀ mọ́. Èyí tó bá fi sínú, kó tó délé, ó ti jábọ́ sọ́nà. Ìyá Morẹ́nikẹ́, ìyàwó rẹ̀, ti rán an níyọ̀ rí, ọṣẹ ló rà wálé. Torí náà, bó ṣe ń ti gbọ̀ngàn bọ̀ ni ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà á. Nígbà tó dé oríta Òkè-Afárá, ó lu agogo. Ó ní Láṣebíkan òṣìṣẹ́ káńsù ní kí gbogbo ìlú bá òun rántí paswọ́ọ̀dù òun, Òjòjò méje fèrèsé. Ó tún lọ kéde rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀-Odò, kó lè wọlé dáadáa.

Ará ìlú gbà á bí iṣẹ́ ìjọba. Lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n bá ṣe ń kí i kú àárọ̀ ni wọ́n ń fi Òjòjò méje fèrèsé kún un. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó dé ọ́fíìsì, ó tẹ̀ ẹ́, ìkànnì ṣí. Orí rẹ̀ wú.

Nígbà tó yá, àwọn aládùúgbò rí i pé àwọn lè ràn án lọ́wọ́. Bí òjò bá ṣú láàárọ̀, ẹnì kan á gbé fóònù, á bá a tẹ̀ ẹ́ pé ó ti dé ibi iṣẹ́. Bó bá sùn jù, ẹlòmíì á bá a tẹ̀ ẹ́. Bí oṣù kan ṣe máa parí, Láṣebíkan ti di òṣìṣẹ́ tó ń tètè dé jù lọ ní káńsù. Àárọ̀ mìíràn wà tó ti dé kí wọ́n tó ṣí géètì. Wọ́n lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ara ògiri. Ká sọ òótọ́, Láṣebíkan ò bi ara rẹ̀ pé báwo. Ohun tó rò ni pé ẹ̀rọ náà mọ èèyàn gidi.

Ibà wá mú un. Múfú télọ̀, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé Láṣebíkan, ṣàánú rẹ̀. Ó ṣí ìkànnì lórí fóònù. Ó rí ibi tí wọ́n kọ "Mo ti dé" sí, ó mọ̀ pé irọ́ nìyẹn. Ó rí "Mo tọrọ ìsinmi", ó ní baba ò tọrọ nǹkan kan. Ó wá rí "Fẹ̀yìntì". Ó yọjú lójú fèrèsé. Láṣebíkan jókòó, ó da aṣọ bora, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Múfú tẹ̀ ẹ́. Ìkànnì bi í bóyá ó dá a lójú. Ó tún yọjú wò ó. Ẹ̀yìn ṣì wà lára ògiri. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí ibà náà lọ, Láṣebíkan wọṣọ iṣẹ́, ó lọ sí káńsù. Olùṣọ́ géètì kí i kú oríire ìfẹ̀yìntì. Ó rò pé àwàdà ni. Ó wọlé, ó tẹ paswọ́ọ̀dù. Ìkànnì kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé, "A dúpẹ́ fún iṣẹ́ ìsìn yín. Ó dàbọ̀." Ó kà á, ó tún un kà. Ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn rẹ̀ ni agogo, torí káńsù ló ni agogo.

Ìyáàfin Ọ̀pẹ́bíyìí ránṣẹ́ pè é.

"Bàbá, ta lẹ sọ paswọ́ọ̀dù yín fún?"

"Mi ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan, mà."

"Báwo ni wọ́n ṣe wá mọ̀ ọ́n?"

"Mo kéde ẹ̀ ni, mà."

Ìyáàfin náà gbé gègé ìkọ̀wé sílẹ̀. "Ẹ kéde ẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ní Òkè-Afárá àti Ìsàlẹ̀-Odò. Ilẹ̀ ló ṣú, ǹ bá dé Agbedé."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ ní ká má gbàgbé ẹ̀, mà."

Ìyáàfin náà fẹ́ sọ pé òun tún ní kí wọ́n fi í pa mọ́. Ó ronú sẹ́yìn. Kò rí ibi tí òun ti sọ ọ́. Ó ti rò pé gbogbo ayé ló mọ ìyẹn. Ó wá ṣàlàyé fún Láṣebíkan pé ìkànnì kì í dá ẹni tó ti fẹ̀yìntì padà, àfi bí ọ̀gá òṣìṣẹ́ bá kọ̀wé sí olú ìlú ìpínlẹ̀ pé ọ́fíìsì ló jẹ̀bi. Bí òun bá sì kọ ọ́, orúkọ òun ni yóò wà níbẹ̀, lọ́dún tó yẹ kí wọ́n gbé òun ga.

"Ẹ máa lọ sílé ná, Bàbá," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n rò ó."

Láṣebíkan lọ sílé, ó ń retí kí ìlú wá béèrè òun. Ẹnì kankan ò wá. Ìkéde ń gba orí fóònù wọlé, ẹ sì ń kà á, ara yín le. Akéde ò bínú sí yín. Ó kàn ń sọ ọ́ ni. Láṣebíkan wá bẹ̀rẹ̀ sí í kéde nínú ilé. Ó ń lu ọmọrí ìkòkò. Ó kéde pé iyọ̀ ti ń tán. Ó kéde pé ewúrẹ́ ti wọlé. Ìyá Morẹ́nikẹ́ fara dà á títí, kò lè fara dà á mọ́. Ó wé gèlè, ó kọrí sí káńsù. Láṣebíkan tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ gbà á padà," Ìyá Morẹ́nikẹ́ ní. "Lánàá, ó kéde fún mi pé mo ti sùn. Ohùn ẹ̀ ló jí mi."

Ìyáàfin Ọ̀pẹ́bíyìí fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá Morẹ́nikẹ́ ò rẹ́rìn-ín.

"Ariwo yẹn ò tiẹ̀ bà mí lẹ́rù," ó ní. "Tó bá dákẹ́, ògiri ló máa ń wò. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù."

Ìyáàfin náà ní kí Láṣebíkan wọlé. "Bàbá, ṣé ẹ ṣì fẹ́ iṣẹ́ yìí?"

Ẹ mọ̀ bí Láṣebíkan ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ohun tó jáde kò ju "Mo fẹ́ ẹ, mà" lọ, pẹ̀lú ohùn kan tó lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ fi yíjú wò ó bóyá òun ló sọ̀rọ̀.

Ìyáàfin Ọ̀pẹ́bíyìí fa kọ̀ǹpútà mọ́ra. Ó kọ ọ́ pé ọ́fíìsì ló jẹ̀bi, pé òun ni òun ò ṣàlàyé tó. Ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, ó fi ránṣẹ́.

Ìdí nìyẹn tí akéde fi dúró níwájú yín. Ìdí nìyẹn tí káńsù fi ṣòfin. Ẹ fetí sílẹ̀.

Àṣẹ kìíní. Paswọ́ọ̀dù kì í ṣe ìkéde. Paswọ́ọ̀dù kì í ṣe ìkíni. Òṣìṣẹ́ tó bá kéde tirẹ̀, yóò jókòó ti jẹnẹrétọ̀ káńsù fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, kó máa kéde fún un.

Àṣẹ kejì. Gbogbo ẹni tó mọ paswọ́ọ̀dù Láṣebíkan àtijọ́ gbọ́dọ̀ gbàgbé ẹ̀ kí oòrùn òní tó wọ̀. Ẹni tó bá ṣì ń rántí rẹ̀ lọ́la ti dáràn. Akéde mọ̀ pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un pè fún yín ni. Káńsù ò tíì sọ ohun tí wọn yóò ṣe sí ìyẹn.

Àṣẹ kẹta. Múfú télọ̀ kò gbọdọ̀ tẹ nǹkan kan fún òṣìṣẹ́ kankan mọ́, àfi ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Bó bá tẹ̀ ẹ́, yóò rán aṣọ fún gbogbo olùṣọ́ géètì, òwú tirẹ̀ ni yóò fi rán an.

Àṣẹ kẹrin. Kí Láṣebíkan fọwọ́ ara rẹ̀ yọ àwòrán rẹ̀ kúrò lára ògiri. Ó ti yọ ọ́. Ó rò pé òun sanra jù nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Àṣẹ karùn-ún. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, àwọn òṣìṣẹ́ tó ti lé ní àádọ́ta ọdún yóò jókòó ti Ìyáàfin Ọ̀pẹ́bíyìí, kí ìyáàfin náà máa kọ́ wọn ní ìkànnì díẹ̀díẹ̀. Kò gbọdọ̀ mí kanlẹ̀. Bó bá mí kanlẹ̀, yóò padà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ àṣẹ yìí.

Àṣẹ kẹfà ló kẹ́yìn. Láṣebíkan ti ní paswọ́ọ̀dù tuntun. Ìyá Morẹ́nikẹ́ ni káńsù fún. Láràárọ̀ ni yóò bá ọkọ rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì, yóò tẹ̀ ẹ́ fún un, Láṣebíkan yóò sì kọjú sí ògiri. Wọ́n ti ṣe é láàárọ̀ yìí. Ó kọjú sí ògiri. Ó ń gbọ́ bí ìka obìnrin náà ṣe ń wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó wù ú kó béèrè. Kò béèrè. Nígbà tó yá, ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ kàn án léjìká, ó ní, "Ó ti ṣí, Bàbá Morẹ́nikẹ́. Ẹ máa ṣiṣẹ́ yín."

Ibi tí káńsù rán akéde dé nìyí. Èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀, ó ti sọ ọ́ tán. Èyí tó kù, ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ló wà.