Ọmọ Tí Wolé-wolé Sọ ní Pàǹtí

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri ni. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ sọ fún mi pé òwe yìí ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé, kó kọ́kọ́ mú ẹni tó wà níbẹ̀ wá. Ìkirè ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, nílé Bàbá Igbẹ́kọ̀yí.

Wolé-wolé ni bàbá yìí kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà á rántí wọn, àwọn tó ń wọlé onílé, tí wọ́n ń ṣí ìkòkò omi wò bóyá tanwíìjí wà níbẹ̀. Ìjọba gba aṣọ kakí lára ẹ̀, wọn ò rí iṣẹ́ gbà lára ẹ̀. Nígbà tí Ṣijúadé ọmọ rẹ̀ ra kọ̀ǹpútà fún un, ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni pé, “Báwo ni wọ́n ṣe ń gbá a?” Ṣijúadé bá fi ètò kan sí i tó máa ń kó ìdọ̀tí inú kọ̀ǹpútà dànù, kí ẹ̀rọ má baà máa wọ́. Bàbá sọ ètò náà ní Agbálẹ̀. Bó bá ti di Sátidé ìmọ́tótó, tí àdúgbò ń gbá gọ́tà, bàbá á jókòó ti kọ̀ǹpútà, á máa gbá tiẹ̀.

Àìsàn wá dá ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀. Ìyàwó Ṣijúadé lóyún nígbà náà. Ìyá àgbà ní, “Igbẹ́kọ̀yí, mo ń lọ. Obìnrin lọmọ tó wà nínú yẹn. Ẹ má sọ ọ́ ní Yétúndé o! Yétúndé ti pọ̀ jù. Pe Yétúndé lọ́jà, kí o wo iye ẹni tó máa dáhùn. Mo ní orúkọ tí mo fẹ́.”

“Kí ni orúkọ náà, Ìyá?”

“Ìwọ kọ́ ni n ó sọ fún. Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ nínú ẹ. Gbé ẹ̀rọ ẹ wá, kí o sì jáde. Ọjọ́ ìkómọ ni kí gbogbo yín gbọ́ ọ lẹ́nu mi.”

Bàbá tẹ ibi tó ń gba ohùn sílẹ̀, ó jáde. Ìyá bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ tán, kò sì pẹ́ tó fi dákẹ́.

Báyìí ni orúkọ ọmọ ṣe wà nínú kọ̀ǹpútà, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ọ́n. Mojírọ́lá ìyàwó bàbá sì ń wá a kiri, nítorí ó ń hún un láti gbọ́ ọ. Bàbá ronú. Àbíkú ni òun náà. Ìyá òun ló sọ òun ní Igbẹ́kọ̀yí, tí ikú gbọ́, tó ní ohun tí igbó kọ̀, kí lòun fẹ́ fi ṣe. Ó ní, “Ohun tó bá lórúkọ burúkú, ta ní máa fọwọ́ kàn án?” Ó bá sọ ohùn ìyá rẹ̀ ní Pàǹtí. Mojírọ́lá ṣí kọ̀ǹpútà, ó rí Pàǹtí, ó yínmú, ó kọjá. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn ún. Oṣù ń gorí oṣù, ó sì gbàgbé ọgbọ́n tó dá.

Ọmọ dé, obìnrin lóòótọ́. Sátidé tó ṣáájú ìkómọ bọ́ sí ọjọ́ ìmọ́tótó. Agbálẹ̀ gbá, ó gbá, ó wá béèrè pé ohun ńlá kan rèé, ó ń gba àyè, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ṣí i kẹ́yìn. Ṣé kí òun kó o dànù? Bàbá ti awò mọ́jú, ó ka orúkọ tó wà lára rẹ̀.

“Pàǹtí! Nínú ẹ̀rọ tèmi! Mojírọ́lá, ìwọ lo kó pàǹtí síbí?”

“Mo rí i níbẹ̀, mi ò fọwọ́ kàn án.”

“O rí pàǹtí, o fi í lẹ̀! Ọ̀bùn!”

Agbálẹ̀ tún ní ṣé ó dá a lójú, torí bí òun bá gbá a báyìí, kò sẹ́ni tó máa rí i mọ́. Bàbá ní, “Ó dá mi lójú ṣáká!” Ó sì tẹ̀ ẹ́ tagbára-tagbára.

Ó di àárọ̀ ìkómọ. Ilé kún. Oyin, orógbó àti àádùn ti wà nílẹ̀. Bàbá wọ yàrá lọ kó lọ ṣí ohùn Ìyá sílẹ̀. Ó wá a, kò rí i. Ibi tó ti ń wá a ni ó ti rántí orúkọ tó sọ ọ́. Yéè! Ojú tì í débi tó fi fẹ́ gba ojú fèrèsé sá lọ, ṣùgbọ́n nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí òun fúnra rẹ̀ kàn mọ́ ọn ò jẹ́.

Ó jáde, ó ní, “Iná ò sí.” Aládùúgbò kan sáré gbé jẹnẹrétọ̀ wá. Ó ní, “Ohùn Ìyá ò ní ròkè tó.” Wọ́n lọ yá gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tí wọ́n ń gbọ́ dé ìsàlẹ̀ odò. Àwọn tí wọn ò pè rí i, wọ́n yà wá. Gbogbo irọ́ tí bàbá ń pa, èrò ló ń fi kún èrò.

Bàbá Àjàgbé, olórí ẹbí, gbé maìkì sún mọ́ ọn. “Igbẹ́kọ̀yí, jẹ́ ká gbọ́ ìyá wa.”

Ó rò ó pé kí òun dá orúkọ kan sọ. Ahọ́n kọ̀. Ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sídìí maìkì náà.

“Mo ti gbá Ìyá dànù.”

Gbogbo Ìkirè gbọ́.

“O gbá ta?”

“Mo rò pé pàǹtí ni.”

“O pe ìyá tó bí ẹ ní pàǹtí?”

“Èmi ni mo sọ ohùn wọn bẹ́ẹ̀, sà, kẹ́nikẹ́ni má baà fọwọ́ kàn án.”

Mojírọ́lá kó ọwọ́ lérí. “Ẹ gbà mí o! Ọ̀bùn ò fọwọ́ kàn án, onímọ́tótó ló gbá a!”

Ṣijúadé sáré jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ ẹ́ títí, ó mirí. Bàbá ò lè gbójú sókè. Ó wù ú kí igbó tó kọ̀ ọ́ nígbà yẹn wá gbà á báyìí.

Bàbá Àjàgbé ní, “Orúkọ burúkú dáa nílé tí ikú bá ti ń wá ọmọ rere kiri. Nílé tìẹ, ìgbálẹ̀ ló ń wá pàǹtí kiri! Wolé-wolé, o wo ilé gbogbo wa tán, o ò wo tìẹ kí o tó sọmọ lórúkọ.”

“Ọmọ yìí ńkọ́ báyìí?” Ìyá ọmọ ló béèrè.

“Ìyá nìkan ló mọ orúkọ yẹn. Àfi kí Ìyá tún dé, kó wá sọ ọ́ fúnra rẹ̀.”

Wọ́n wojú ara wọn. Bàbá Àjàgbé náà gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ara rẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀. Wọ́n wo ilé síwá, wọ́n wò ó sẹ́yìn, orúkọ mìíràn ò sí. Wọ́n fi oyin kan ọmọ lẹ́nu, wọ́n pè é ní Yétúndé. Ọmọ figbe ta bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Títí dòní, bí wọ́n bá pe Yétúndé lọ́jà Ìkirè, ọ̀pọ̀ á dáhùn, bàbá arúgbó kan á sì dorí kodò. Ẹ tún máa pa òwe náà kiri láìmọ̀dí! Ẹ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, bóyá ìgbálẹ̀ wà níbẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.