Àdúà Tí Mo Ṣe fún Ihò Ẹ̀gbẹ́ Ògiri Ìyá Mi

Bí mo bá gbàgbé gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí mi láyé, ọjọ́ tí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín ní kóòtù n'Ísẹ́yìn kò ní kúrò lọ́kàn mi. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi débẹ̀. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn lọ, èmi olùpẹ̀jọ́, mo sì wé láwàní tuntun.

Nítorí ìyá mi ni. Ojú wọn ti fọ́ tipẹ́, ṣùgbọ́n nínú ilé alámọ̀ tí bàbá mi kọ́, ẹ ò lè mọ̀ pé wọn ò ríran. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń tọ ògiri. Wọ́n mọ ibi tó yọ gọ̀ngọ̀, ibi tó jinkoto, àti ibi tí mo fi ìṣó ha nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Wọ́n á fara ti ògiri náà lọ sídìí ìkòkò omi àti ibi tí wọ́n ti ń kírun, wọn kì í ṣìnà. Mo mọ̀ pé mi ò gbọdọ̀ jẹ́ kí nǹkan kan ṣe ògiri yẹn.

Alàájì kan tó ń ṣòwò ìrẹsì ló ra ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ wa, ó fẹ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Èmi ni ààfáà àdúgbò, èmi náà ni wọ́n sì pè láti wá ṣàdúà sí ìpìlẹ̀. Bí mo ṣe débẹ̀, mo rí i pé okùn tí wọ́n ta sílẹ̀ láti fi sàmì ibi tí wọ́n máa gbẹ́ gba abẹ́ fèrèsé ìyá mi gan-an kọjá. Ọ̀rọ̀ dé ẹnu mi. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti tẹ́wọ́, wọ́n ń retí mi, ta ni yóò sọ àdúà di ìjà? Mo ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilé náà ga. Wọ́n ṣe àmín, mo sì gba sàráà tèmi lọ sílé.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀, wọn ò fi àyè kankan sílẹ̀, wọn ò sì fi igi kankan ti ògiri wa. Ojoojúmọ́ ni mò ń jáde láti lọ sọ̀rọ̀. Àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ mọ ilẹ̀ wa, ta ló ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kọjá láì kí i? "Ẹ kú iṣẹ́ o" lá á kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi. Wọ́n á dáhùn, wọ́n á béèrè ìyá mi, èmi á sì ṣàdúà pé iṣẹ́ ò ní ṣe wọ́n léṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, báwo lèèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ìjà? Ìyàwó mi ní bí mo bá ń ṣe é lọ báyìí, màá bá wọn gbé dígà láìpẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá mi pè mí sí yàrá. Ọwọ́ wọn wà lára ògiri, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìka mi ń wọlé síbí. Kì í wọlé tẹ́lẹ̀." Mo jáde fùú, mo pinnu pé mi ò ní kí ẹnikẹ́ni. Kí n tó lanu, ọ̀gá bíríkìlà ti dọ̀bálẹ̀. Àpáta ló dí wọn lọ́nà, dígà ò ràn án, wọ́n sì ti ń wá mi pé kí n wá bá wọn ṣàdúà sí i. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ fún mi, ara mi a máa rọ̀. Àìsàn mi nìyẹn. Mo dúró létí ihò, mo ṣàdúà. Lọ́jọ́ kejì, òòlù ńlá fọ́ àpáta náà. Ilẹ̀ mì dé abẹ́ ibùsùn ìyá mi, ògiri sì lanu láti òkè délẹ̀. Mi ò rí àdúà mi kan tó gbà kíá bẹ́ẹ̀ rí.

Mo wá gba kóòtù lọ. Àwọn àgbà àdúgbò ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Mo ní kì í ṣe ọ̀rẹ́ ni mò ń wá. Ẹjọ́ mi ò le: Alàájì ń gbẹ́lẹ̀ lọ́nà tó léwu, ilé wa ń bàjẹ́, kí adájọ́ dá a dúró. Ṣùgbọ́n ọ̀gá bíríkìlà jáde wá jẹ́rìí, kò sì purọ́ ẹyọ kan. Ó ní kò sí àárọ̀ tí Ààfáà kì í kí àwọn kú iṣẹ́, àti pé àdúà Ààfáà gan-an ló fọ́ àpáta.

Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Ààfáà, ihò tó ń pa yín lára yìí náà lẹ ṣàdúà fún?"

Mo ní, "Olúwa mi, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún mi ni."

Gbogbo kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Akọ̀wé pàápàá dojú bo tábìlì. Ìtìjú bá mi débi pé mi ò mọ ibi tí mo lè gbé ojú sí. Adájọ́ ò fi ìyẹn dá mi lẹ́bi o. Ó ní kíkí kì í ṣe ìyọ̀ǹda, pé òun yóò wá fojú ara òun wo ibẹ̀, ó sì sún ẹjọ́ síwájú.

Òjò ò dúró de adájọ́. Ọ̀sán ló rọ̀, omi kún ihò, ògiri yàrá ìyá mi sì wó sínú rẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Wọ́n gbọ́ ìró náà. Wọ́n bi mí pé ìhà ibo ló wó.

Nígbà tí adájọ́ wá wo ibẹ̀ tán, ó dá wa láre. Ó pàṣẹ pé kí Alàájì tún ògiri náà mọ, kó sì sún ilé tirẹ̀ sẹ́yìn. Alàájì mọ ọ́n lóòótọ́. Búlọ́ọ̀kù ni, wọ́n rẹ́ ẹ, ó ń dán. Mo fa ìyá mi wọlé tayọ̀tayọ̀, mo gbé ọwọ́ wọn lé e. Wọ́n tọ ọ́ lọ, wọ́n tọ ọ́ bọ̀, wọn ò rí ibì kankan tí wọ́n mọ̀ lára rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ò pọ̀. Ẹ máa kí òṣìṣẹ́, kò burú. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ abẹ́ ilé yín ló ń gbẹ́, ẹ sọ ti ẹnu yín kí ẹ tó kí i. Títí dòní, bí àwọn èèyàn bá rí mi lọ́jà, wọ́n á ní kí Ààfáà wá bá àwọn ṣàdúà sí ihò. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, kí ni ǹ bá ṣe? Ilé ni ẹ̀rín náà máa ń tán sí. Ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìrun, ìyá mi á di ọwọ́ mi mú, wọ́n á ní, "Ọmọ mi, àwọn èèyàn yìí ṣe wá lálejò dáadáa. Ó tó gẹ́ẹ́, mú mi lọ sílé."